Ọtí Pupa Lára Ògiri: Ìdí Tí Inú Fi Bí Aráàlú Sí Àwọn Tó Ṣòfin Kòrónà

Alájì tó ń ránṣọ fún mi ní Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Boris Johnson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Alájì gbójú sókè, ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ tó o kàwé, là mí lọ́yẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé nítorí gàtó ọjọ́ ìbí ni wọ́n ṣe yọ ọkùnrin yìí nípò? Àìsàn ń pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ, gàtó ni wọ́n ń bínú sí?"

(Gàtó ni tiwa, kéèkì ni ti àwọn ará Nàìjíríà. Oúnjẹ kan náà ni.)

Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà ò dáa. Mo ní àwọn òyìnbó ò fẹ́ kí aṣáájú wọn máa purọ́. Ó ní, "Àwọn òyìnbó wo?" Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé ni mo wá rí i pé èmi náà ń da ọ̀rọ̀ pọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dà á pọ̀ bẹ́ẹ̀: wọn ò mọ̀ bóyá òfin ni olóṣèlú rú ni àbí ìmọ̀ràn, bóyá àríyá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni àbí irọ́ tó pa tẹ̀ lé e, àti ìdí tí inú fi bí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ sí ohun tí owó ìtanràn rẹ̀ kò tó 40,000 sẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká tú ti gàtó yẹn ná. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Johnson jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ní kí gbogbo ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nílé. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ lọ kí òbí, ìgbéyàwó dúró, ìsìnkú di ti èèyàn kéréje. Ṣùgbọ́n nílé ìjọba gan-an, ní Nọ́mbà 10 Òpópónà Downing, ọtí ń ṣàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, akọ̀wé àgbà rẹ̀ fi íméèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún pé kí wọ́n wá gbatẹ́gùn nínú ọgbà, kí kálukú mú ọtí tirẹ̀ dání. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí fún Johnson nínú yàrá ìpàdé. Ibẹ̀ ni gàtó ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Johnson dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní àwọn tẹ̀ lé gbogbo ìlànà. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Nígbà tí ọlọ́pàá parí ìwádìí wọn, ìwé ìtanràn 126 ni wọ́n kọ fún èèyàn 83. Johnson gba ọ̀kan, Rishi Sunak tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà gba ọ̀kan, pọ́n-ùn 50 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Kò tíì sí olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kankan kí ó tó kàn án tí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó rú òfin nígbà tó ṣì wà lórí oyè.

Síbẹ̀, gàtó kọ́ ló gbé e ṣubú ní tààràtà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò lórí rẹ̀: 211 ní kó dúró, 148 ní kó máa lọ. Ó bọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ìjọba, Chris Pincher, ó sì wá hàn pé Johnson ti mọ̀ nípa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fáráyé pé kò mọ̀. Àwọn mínísítà bẹ̀rẹ̀ sí í fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ó kéde pé òun máa fipò sílẹ̀. Gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ló lé e bá lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin wádìí rẹ̀, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé lọ́nà nígbà tó ní gbogbo ìlànà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ó kọ̀wé fipò aṣòfin rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kí ìwé ìgbìmọ̀ náà tó jáde síta. Nítorí náà, Alájì gbà á, ó sì ṣì í. Gàtó ló ṣílẹ̀kùn, irọ́ ló wọlé.

Òfin yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn

Ibi tó ń rú èèyàn lójú jù nìyí. Nígbà Kòrónà, ìjọba ń sọ oríṣi ọ̀rọ̀ méjì pẹ̀lú ohùn kan náà. Ọ̀kan jẹ́ òfin tí ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ kọ ìwé fún ọ. Èkejì jẹ́ ìmọ̀ràn: ẹ fọwọ́, ẹ jìnnà síra, ẹ má rìnrìn àjò tí kò pọn dandan. Aráàlú tó ń gbọ́ méjèèjì lórí rédíò kan náà ò ní ìwé òfin lọ́wọ́ láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ó kàn ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́ ni. Ìgbà tí olóṣèlú bá kó sí wàhálà ni ìyàtọ̀ àárín òfin àti ìmọ̀ràn máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn aṣòfin àti àwọn èèyàn ńláńlá tó lé ní ọgọ́rin jẹun alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Clifden, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ọjọ́ kejì tí ìjọba kéde pé òun ń mú ìlànà le sí i ni o. Láàárín ọjọ́ méjì, Dara Calleary tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀; kò tíì lò ju oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan lọ nípò náà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, Phil Hogan, ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nnà àgbà fún Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti lọ. Wọ́n gbé àwọn mẹ́rin tó ṣètò oúnjẹ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2022 adájọ́ dá wọn sílẹ̀: ògiri ìpín wà láàárín yàrá náà, yàrá méjì ni wọ́n jókòó sí, wọn ò rúfin. Ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Calleary àti Hogan láti ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Èèyàn lè sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ń bi wọ́n bóyá wọ́n rú òfin. Aráàlú ń bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n ń tan. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn ọ̀kan ò lè bo èkejì.

Ní Nọ́wè ó ṣẹlẹ̀ lódì kejì. Erna Solberg, olórí ìjọba nígbà náà, pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ní 2021, ẹbí rẹ̀ sì lọ jẹun ní ìlú Geilo. Mẹ́tàlá ni wọ́n, mẹ́wàá ni òfin gbà. Òun gan-an ò sí lórí ìjókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tó fi lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́pàá ní òun ló ṣáà ṣètò rẹ̀, òun sì ni ojú ìjọba lórí òfin yìí, wọ́n ní kó san kroner 20,000, tó lé ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà. Ó bẹ aráàlú, ó sanwó. Ní Romania, fọ́tò kan jáde tí Ludovic Orban àti àwọn mínísítà rẹ̀ jókòó nínú ọ́fíìsì láìfi ìbòmú bojú, tí sìgá wà lọ́wọ́ olórí ìjọba fúnra rẹ̀. Ó san lei 3,000.

Ti Dominic Cummings ló wá le jù láti ṣàlàyé fún Alájì, torí ẹ̀rín ò jẹ́ n parí rẹ̀. Cummings ni olùdámọ̀ràn àgbà fún Johnson. Nígbà tí kónílégbélé ṣì le koko, ó gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láti London lọ sí Durham, ọ̀nà tó lé ní 400 kìlómítà, bí ẹni tó ti Kútọnu lọ sí Pàràkú. Ó ní nítorí ọmọ ni, bí òun àti ìyàwó òun bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Òbí kan lè gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún wakọ̀ lọ sí Barnard Castle, ìlú táwọn èèyàn ń lọ ṣe fàájì, lọ́jọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ojú òun ríran tó láti wakọ̀ padà sí London ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò dá lójú, tó kó ìyàwó àti ọmọ sọ́kọ̀ kó lè fi dán an wò! Ọlọ́pàá Durham ní ó ṣeé ṣe kí ìrìn kejì yẹn rú òfin díẹ̀, wọn ò sì ṣe nǹkan kan fún un.

Ìyẹn ní àbájáde tí wọ́n rí wọ̀n. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì UCL ní London ti ń bi èèyàn tó lé ní 40,000 léèrè látìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀, pé báwo ni wọ́n ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba sí lórí ọ̀rọ̀ Kòrónà. Bí ìròyìn Cummings ṣe jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2020 ni ìgbẹ́kẹ̀lé náà já wálẹ̀ ní Ẹ́ńgílándì. Kò já bẹ́ẹ̀ ní Scotland àti Wales, níbi tí ìjọba tiwọn ti ń ṣètò ìlera tiwọn. Àrùn kan náà, oṣù kan náà. Ní Scotland ọ̀hún, dókítà àgbà ìjọba, Catherine Calderwood, tí ojú rẹ̀ wà lórí ìpolówó pé kí èèyàn jókòó sílé, ti lọ sí ilé rẹ̀ kejì létí òkun lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún un. Alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde ló fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èésú ni kónílégbélé

Ẹ wò ó báyìí. Ogún èèyàn ń dá èésú. Bí ọ̀kan ò bá rówó dá lóṣù kan, wọ́n á kùn, wọ́n á ní bóyá nǹkan ò rọgbọ fún un. Ṣùgbọ́n ká ní olórí èésú, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yín ní ìdájí pé owó ti tó ó dá, ló wá hàn pé kò dá kọ́bọ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Iye tirẹ̀ kọ́ ló máa dùn yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi gàrí sùn kẹ́ ẹ lè rówó fún un lẹ máa rántí.

Ohun tí àwọn èèyàn dá sí èésú Kòrónà, owó kọ́. Mo lè sọ tèmi. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi kọ́dọ̀n sanitẹ́ẹ̀ yí àwọn kọmúnù (ìjọba ìbílẹ̀) mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ká ní gúúsù, Àjàṣẹ́ wà nínú wọn. Kì í ṣe kónílégbélé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. A ń jáde, a ń nájà, pẹ̀lú ìbòmú. A ò kàn lè kọjá ààlà tí wọ́n fà. Ààrẹ Patrice Talon ṣàlàyé ìdí tí kò fi ti gbogbo èèyàn mọ́lé: orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ò gba owó oṣù, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ, kò lágbára ohun táwọn ọlọ́rọ̀ ń ṣe. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn yé mi, mo sì gbà pé òótọ́ ni.

Kétu wà lóde kọ́dọ̀n. Ní àárín oṣù Kẹrin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kú ní Kétu. Òun ló tọ́ mi dàgbà láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àbúrò mi wakọ̀, a ní ká ti Ṣakétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ gùnkè. A ò tíì jìnnà sí Mísérétè tí ọlọ́pàá fi dá wa dúró. Ọmọdé ni, ó wo fọ́tò ìyá tí mo fi hàn án lórí fóònù, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìyá tèmi wà ní Sábẹ, èmi náà ò lè lọ." A yí padà. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú náà: ẹnì kan gbé fóònù dání, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun tí mo rí jù ni ẹsẹ̀ àwọn èèyàn àti erùpẹ̀ pupa. Fọ́nrán náà fi ìṣẹ́jú méjì lé ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá gùn. Mo mọ iye rẹ̀ torí mi ò tíì pa á rẹ́.

Mi ò bínú sí ọlọ́pàá yẹn rí. Èésú kan náà ni a jọ ń dá.

Ẹ wá fi irú ọkàn yẹn ka ìwádìí tí Sue Gray, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà, kọ nípa Nọ́mbà 10, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn àríyá kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, obìnrin tàbí ọkùnrin tó ń tún ọ́fíìsì ṣe dé lówùúrọ̀, ó bá ọtí pupa tó dà sára ògiri àti sára páálí ìwé tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkópì. Ó tún kọ ọ́ pé wọ́n hùwà àìlọ́wọ̀ sí àwọn olùtọ́jú ilé àti àwọn ẹ̀ṣọ́. Lójú tèmi, ẹni tó nu ògiri yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òun náà ní ìyá níbì kan.

Àríyá méjì mìíràn wáyé ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sin Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, tí ọbabìnrin náà dá jókòó lórí àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbòmú dúdú, torí òfin ni. Nọ́mbà 10 ní láti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ààfin nígbà tí ó hàn síta. Ẹni tí kò ka ọba sí rárá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí àga kan ṣoṣo yẹn túmọ̀ sí.

Àwọn kan máa ń sọ pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá, pé owó tí wọ́n ná àti ẹ̀mí tó lọ ló yẹ ká bínú sí. Wọ́n ò jayò pa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya pọ́n-ùn bílíọ̀nù 37 sọ́tọ̀ fún ètò àyẹ̀wò àti ìtọpinpin àwọn tó kó àrùn, ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń ṣírò owó ìlú sì sọ ní 2021 pé kò sí ẹ̀rí tó ṣe kedere pé ó mú ìyàtọ̀ tó ṣeé wọ̀n wá. Wọ́n bínú sí i, ó sì tán. Ta ló lè fojú inú rí bílíọ̀nù 37? Ìgò ọtí kan, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí.

Òdì kejì ààlà

Àwa tá a ń gbọ́ rédíò Èkó àti ti Abẹ́òkúta ní Àjàṣẹ́ ò nílò láti lọ jìnnà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta kan náà ni kónílégbélé ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, gbajúmọ̀ òṣèré Funke Akindele ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ̀ nílé. Wọ́n ti gbé e dé ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin: náírà 100,000 lórí òun, iye kan náà lórí ọkọ rẹ̀, àti iṣẹ́ ìlú fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n sin Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì ààrẹ, tí Kòrónà pa. Èrò kún itẹ́ òkú ní Àbújá, wọ́n ń fún ara wọn pa, àwọn èèyàn ìjọba wà nínú wọn, gbogbo rẹ̀ sì hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí àwọn tó lọ síbẹ̀ má tíì wá sí Aso Rock. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó lọ sin òkú rẹ̀. Èmi náà ìbá lọ.

Níhìn-ín, ohun tí mo rántí pé àwọn èèyàn ń kùn sí ni ìdìbò kọmúnù ti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún. A tò síbi ìdìbò, bẹ́ẹ̀ mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní títì. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti Johnson, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀: ìjọba kéde rẹ̀ ní gbangba, ó ní kò ní sí ìpàdé ìpolongo, gbogbo ayé sì rí i, wọ́n bá a jiyàn. Èèyàn lè bá ìyọ̀ǹda tí wọ́n kéde jiyàn. Èyí tí wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn títí fọ́tò yóò fi jáde.

Mo padà sọ́dọ̀ Alájì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti gba ṣòkòtò mi. Kò tíì rán an. Mo fi ọ̀rọ̀ èésú yé e, ó ní ó dáa, àmọ́ òun ṣì rò pé ọ̀rọ̀ gàtó yẹn ti pọ̀ jù.

"Alájì, ẹ rántí Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún 2020?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Nínú pálọ̀ ni mo ti kírun pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi."

"Ká ní ẹ wá rí fọ́tò lónìí, pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn kan nínú àwọn tó ní ká ti mọ́sálásí kó ara wọn jọ sínú ọgbà ẹnì kan, wọ́n kírun, wọ́n jẹ, wọ́n mu?"

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà máṣíìnì.

"Ọgbà ta ni?"

"Àpẹẹrẹ lásán ni, Alájì."

"Lémọ́ọ̀mù wo ló ṣáájú wọn?"

"Kò ṣẹlẹ̀, Alájì. Mo kàn ní ká ní ni."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún fi í sójú.

"Fọ́tò náà," ó ní, "ṣé ó wà lórí fóònù ẹ?"